Kí Dagrin Tó Di Ère: A Tún C.E.O Gbọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Nínú gbogbo àwọn tó ti fi Yorùbá ṣe ráàpù, kò sẹ́ni tí òwe yìí bá mu tó Dagrin. Ní ọdọọdún, tí oṣù Kẹrin bá ti dé, fọ́tò rẹ̀ á bo ojú fóònù wa. A ó kọ RIP. A ó rántí pé ìjàǹbá ọkọ̀ ní Mushin ló ṣe é, pé 22 oṣù Kẹrin ọdún 2010 ló kú. A ó pè é ní wòlíì nítorí orin If I Die. Ó tán, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ gbọ́ C.E.O kẹ́yìn, láti orí dé ìdí? Àwa náà ò rántí tiwa. Ìdí nìyẹn tá a fi jókòó tì í lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Nígbà tí àwo yìí jáde lọ́dún 2009, ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé. Kò sẹ́ni tó ra síídì fún wa. Inú dánfó la ti gbọ́ ọ, àti ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé nílé ìwé tá à ń sọ yìí, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, owó ìtanràn ni tàbí pàṣán. A ó jẹ pàṣán láàárọ̀ torí Yorùbá, a ó délé nírọ̀lẹ́, a ó gbọ́ ọkùnrin kan tó ń fi Yorùbá yẹn kan náà fọ́nnu lórí rédíò. Ohun tí ìyẹn ṣe fún ọkàn ọmọdé kò kéré.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́: Dagrin kọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Lord of Ajasa ti ń fi Yorùbá ṣe ráàpù kó tó dé. 9ice sì ti fi Gongo Aso hàn lọ́dún 2008 pé Yorùbá tó jinlẹ̀ lè jó, ó sì lè tà. Dagrin fúnra rẹ̀ ti ṣe àwo kan rí, Still on the Matter, lọ́dún 2006, tí kò rìn jìnnà. Nígbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wọn ọgbọ́n olórin ráàpù. Talk About It tí M.I ṣe lọ́dún 2008 ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Kí wá ni C.E.O mú wá tí kò sí tẹ́lẹ̀?

Lójú tiwa, ohùn ni. Ọ̀rọ̀ Yorùbá, fáwẹ́ẹ̀lì ló fi ń parí, tàbí ìró àránmúpè. Nítorí náà, kí ìparí ìlà méjì bára mu kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ọmọdé náà lè ṣe é. Ibi tí iṣẹ́ wà ni àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: tí olórin bá sáré ju ìlù lọ, olùgbọ́ ò ní mọ èyí tó ń wí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ohùn ọmọ Amẹ́ríkà pe Yorùbá, kí ó lè dà bíi ráàpù. Dagrin kọ̀. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rìn bí wọ́n ṣe ń rìn ní gáréèjì, ó fi agídí pe sílébù, ìlù sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ Pon Pon Pon. Bó ṣe yára tó, ọ̀rọ̀ kan ò sọnù. Bí ẹni tó ń jà lórí ṣéńjì ni, tí gbogbo ọkọ̀ sì ti dá sí i.

Orúkọ àwo náà tún jẹ́ àwàdà tó lóró: Chief Executive Ọmọ Ìta. Oyè ọ́fíìsì ló gbé kọ́ ọmọ ìgboro lọ́rùn. Ghetto Dreams, tí òun àti Sossick jọ kọ, ló sọ ìdí rẹ̀: kì í ṣe pé ìgboro dùn, ibẹ̀ ni wọ́n bí wa sí.

A ò ní torí pé ó ti kú ká wá purọ́. Kondo ṣì ń múni jó, àmọ́ nínú orin yẹn, obìnrin ò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n fi kóńdó dẹ́rìn-ín pa ọkùnrin. A rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Nísinsìnyí, ẹ̀rín náà ò jáde dáadáa.

Àwo náà gba ẹ̀bùn àwo ráàpù tó dára jù ní Hip Hop World Awards ọdún 2010, nígbà tí ẹni tó ni ín ti wà nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Olamide gbé Rapsodi jáde lọ́dún 2011. Nígbà tó fi máa di 2015, Reminisce, Olamide àti Phyno ti lè fi Local Rappers, tó jẹ́ orúkọ ẹ̀gàn, ṣe orin ìyangàn. Ẹni tó bá gbọ́ C.E.O á mọ ibi tí àyà wọn ti le.

Ibi tó dùn wá ni pé àyà yẹn la jogún, a ò jogún iṣẹ́ náà. Yorùbá kún inú orin òde òní, àmọ́ gbólóhùn méjì tí à ń tún sọ lórí ìlù ijó ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó máa jókòó ti ọ̀rọ̀, tó máa wọn àmì ohùn mọ́ ìlù, ti ń ṣọ̀wọ́n.

Nítorí náà, tí oṣù Kẹrin bá tún dé, ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹ gbọ́ àwo náà. Tí ibì kan bá sì bí yín nínú, ẹ wí. Ère ni kì í gbọ́ àríwísí. Dagrin tí à ń sọ yìí, olórin ni.