Gọ̀ǹbọ́ Àlàájá

Ẹnu ọ̀nà yàrá ni ọmọ tó fẹ́ ya fọ́tò Àlàájá gbé àpótí sí, kò gbé e sí àárín àgbàlá. Ọ̀sán gangan ni ní Aboabo ní Gánà, oòrùn dúró ṣánṣán lórí páànù; ẹni tó bá jókòó síta, òjìji iwájú orí á bo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú síta díẹ̀.” Bí Àlàájá ṣe yíjú ni gọ̀ǹbọ́ tí wọ́n kọ fún wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ yọ, ilà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òjìji tirẹ̀.

Fóònù méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: Tecno Camon 19 Pro tó fi ń ya ìsọmọlórúkọ jẹun, àti Google Pixel 6 tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ bọ́gà, ará òkè òkun, gbé wálé. Ó kọ́kọ́ pa ohun tó ń dán ojú nínú méjèèjì, nítorí ohun tó lè pa ìhunjọ rẹ́ lè pa ilà rẹ́.

Àlàájá dúdú bí kóró iṣin, ìborùn wọn funfun báláú. Bí kámẹ́rà bá wo ti ìborùn, ojú á wọ òkùnkùn; bó bá wo ti ojú láìníwọ̀n, awọ á di eérú. Wàhálà yìí ti pẹ́: láyé fíìmù Kodak, àwòrán obìnrin funfun tí wọ́n ń pè ní Shirley ni àwọn ilé ìfọfọ́tò fi ń díwọ̀n àwọ̀. Nígbà tí Google gbé Pixel 6 jáde ní 2021, wọ́n fi Real Tone sí i. Àwòrán àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi kún ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ṣẹ́ agbára ìmọ́lẹ̀ tó máa ń ṣìnà wọ inú lẹ́ńsì, tó ń jẹ́ kí awọ dúdú ṣá.

Mo rí iṣẹ́ yẹn lójú Àlàájá nínú fọ́tò Pixel. Dúdú wọn délẹ̀, pupa díẹ̀ fara hàn lábẹ́ rẹ̀, iwájú orí ń dán bí ẹni fòrí pa á. Inú ilà tún dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Mo lè kà wọ́n.

Ti Camon mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ó túra ká. Ẹni tó fẹ́ gbé e sí WhatsApp á yàn án. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni mo tó mọ ọgbọ́n inú rẹ̀. Dumsor dé, iná lọ, láǹtánà kan ló kù. Sẹ́ńsọ̀ tí Tecno àti Samsung jọ ṣe sí Camon náà ní 2022 ní ojú funfun láàárín pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ojú funfun yẹn kì í ṣa àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ yòówù tó bá wọlé ló ń gbà. Pixel náà mọ òru yà, àmọ́ ó fẹ́ kéèyàn dúró jẹ́ẹ́, ìka Àlàájá tó ń ka tẹ̀sùbáà kì í sì dúró. Nínú ti Camon, ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀.

Ó nídìí tí fọ́tò fi ṣe pàtàkì sí Àlàájá. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi Gánà sílẹ̀. Àlàájá wà lára àwọn tó kó ẹrù lọ. Wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n fọ́tò bàbá wọn kan ṣoṣo ti sọnù lọ́nà.

A gbé fóònù méjèèjì lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé Camon sórí itan, wọ́n di Pixel mú, wọ́n ń fi ìka tọ ilà náà lórí gíláàsì láti ẹ̀bátí dé ẹ̀bá ẹnu.

“Ojú bàbá mi rèé.”