Ìbọ̀wọ́ Lẹ́nu Ẹ̀rọ: Àyẹ̀wò Èdè Ìkìlọ̀ Níbi Tí A Ti Ń Fi Ẹ̀rọ Gé Irin ní Eneka, Port Harcourt

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ èdè tí a fi ń kìlọ̀ fún ọmọṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ tí ń gé irin. Ohun tí a gbé yẹ̀wò ni àkọlé ìkìlọ̀ kan lára ògiri ilé iṣẹ́ kan ní Eneka, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ níbẹ̀, àti ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà kìlọ̀ nínú òwe, èèwọ̀ àti oríkì Ògún. Èrò wa ni pé ìkìlọ̀ tó pàṣẹ láìsọ ìdí kò lè dáàbò bo ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ìbáà sì jẹ́ Yorùbá. A dábàá irú gbólóhùn tó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀, a sì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nínú èdè yòókù láti ṣe tiwọn.

Ìfáárà

Eneka wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, ní apá àríwá ìlú Port Harcourt, lórí ilẹ̀ àwọn Ikwerre. Wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956; ní 1958, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba Port Harcourt lọ sí òkè òkun. Iṣẹ́ epo kò sì lè rìn láìsí iṣẹ́ irin. Páìpù ń fẹ́ ẹni tí yóò gé e, ọ̀pá inú ẹ̀rọ tó bá jẹ ń fẹ́ ẹni tí yóò rọ òmíràn. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ọ̀dọ́mọkùnrin láti oríṣiríṣi ẹ̀yà, Yorùbá pẹ̀lú, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ irin ní agbègbè yìí.

Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. Nígbà tí a lọ wò ó níbi iṣẹ́ rẹ̀, a bá a níwájú ẹ̀rọ léètì, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń di irin mú, tí í sì ń yí i bíríbírí kí ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè máa fá a. Ọmọ náà wọ ìbọ̀wọ́ awọ sọ́wọ́ méjèèjì. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe rí i, ó pariwo, ó sáré pa ẹ̀rọ, ó sì já ìbọ̀wọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ti ọmọ náà nítorí pé a wà níbẹ̀. Ó yíjú sí wa, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ohun tí wọ́n yà sára ògiri ni mo ṣe.”

A wo ògiri. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀gá náà kò bá a jiyàn. Ó kàn na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí wa. Ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ kò ju ìlàjì lọ. Ó fi èdè Píjìn sọ fún wa pé ìbọ̀wọ́ ló fà á, nígbà tí òun náà ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni a gbé dé ibi àpérò yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ èdè ni kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìka.

Àwòrán tí kò mọ ibi tó wà

Àkọlé aláwọ̀ búlúù ni a rí lókè ẹ̀rọ náà. Àwòrán mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: awò ojú, àṣíborí, bàtà tó nípọn àti ìbọ̀wọ́. Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó bá wọlé wọ gbogbo wọn.

Tí a bá kà á bí a ṣe ń ka àyọlò nínú kíláàsì, ohun mẹ́ta ni kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, nítorí “gbogbo ẹni” kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Kò sí àkókò, nítorí kò yàtọ̀ bóyá ẹ̀rọ dúró ni tàbí ó ń yí. Kò sí ìdí kankan. Fún ẹni tó ń ru páálí irin láti inú ọkọ̀, òótọ́ ni àkọlé náà sọ, nítorí etí páálí mú bí abẹ. Fún jórinjórin náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e kọ́ sókè ẹ̀rọ tó lè yí irin ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Níbẹ̀, bí etí ìbọ̀wọ́ bá kan ohun tó ń yí, ẹ̀rọ yóò fà á, ọwọ́ yóò sì tẹ̀ lé e kí onítọ̀hún tó lè ronú àtifà á padà. Bákan náà ni òrùka, ẹ̀gbà ọrùn, oǹdè, irun gígùn àti apá aṣọ tó fẹ̀.

Àwọn kan lè rò pé tí a bá ti túmọ̀ àkọlé náà sí Yorùbá, ọ̀ràn ti bùṣe. A kò gbà bẹ́ẹ̀. “A gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́” jẹ́ Yorùbá tó dán mọ́rán, ṣùgbọ́n níwájú léètì, yóò gé ìka ọmọ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fẹ́ gé e. Àbùkù náà ti wà nínú àkọlé kí ó tó dé ọwọ́ ògbufọ̀.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò tó fún ẹ̀rọ

Ó yẹ kí a yẹ ilé ti ara wa wò pẹ̀lú. Yorùbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ṣókí. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ẹwà ńlá ni èyí nínú ìwé ìtàn àròsọ wa àti nínú ewì wa, a sì ti ń yìn ín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n òwe yìí gbà pé ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ti ní ìdajì yòókù nínú ara rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó dé lánàá kò tíì ní i. Ẹ̀rọ kì í sì dúró de ẹni tó ń wá ìdajì ọ̀rọ̀.

Èèwọ̀ náà ní irú àléébù yìí. A máa ń sọ pé aboyún kì í rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nítorí àwọn ẹ̀mí àìrí. Ìyá tó gbọ́ ọ yóò jókòó sílé, ooru kò sì ní mú un. Èèwọ̀ náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdí tó sọ kọ́ ni ìdí tó fi wúlò. Níwọ̀n ìgbà tí àgbà bá wà nítòsí, tí nǹkan kò sì yí padà, kò sí wàhálà. Ibi iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tuntun ń dé síwájú ọmọṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá sọ fún ọmọṣẹ́ pé, “Má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí léètì.” Ọmọ náà gbà. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ kí ojú irin dán, ó wé bébà ìdánrin mọ́ ìka rẹ̀, ó sì fi kan irin tó ń yí. Tàbí kí ó fi àkísà nu epo kúrò lára rẹ̀ láìpa ẹ̀rọ. Kò rú òfin ọ̀gá rẹ̀, nítorí kò wọ ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìdí yóò mọ̀ pé àkísà náà, ìbọ̀wọ́ ni. Àṣẹ kò kọjá ohun tó dárúkọ. Ìdí ni ọmọṣẹ́ lè mú lọ síbi tí ọ̀gá kò dárúkọ.

Ògún àti ìbéèrè tí a kì í bi

A kò lè sọ̀rọ̀ irin láàárín Yorùbá kí a má dárúkọ Ògún. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tó jáde ní 1966, jẹ́ kí gbogbo ayé mọ bí ewì àwọn ọdẹ àti olùsìn Ògún ṣe jinlẹ̀ tó. Nínú oríkì Ògún, agbára àti ẹ̀jẹ̀ kì í jìnnà síra. Ẹni tó bá gbọ́ oríkì yìí láti kékeré kò ní fi irin ṣeré. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rù yìí wúlò, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dà á nù. Títí di òní, àwọn kan ń fi irin búra nílé ẹjọ́, ìbúra náà kò sì jẹ́ ohun yẹpẹrẹ lójú wọn.

Ibi tí a ti ń ṣe àríwísí ni lẹ́yìn ìjàmbá. Tí ìka bá gé, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé Ògún bínú. Onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí tí kì í bọ Ògún ní ọ̀rọ̀ tiwọn: iṣẹ́ ọ̀tá ni, iṣẹ́ Èṣù ni. Àkànlò wọ̀nyí a máa tu ẹni tó farapa nínú, ṣùgbọ́n wọ́n a tún máa pa ìbéèrè. Ta ló yọ ìdérí tó bo ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí? Ta ló gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò rántí pa swíìṣì. Ọmọṣẹ́ sún mọ́ irin, ó fọwọ́ kàn án láti wò ó bóyá ó ti tó. Iná dé lójijì. Bí ẹ̀rọ náà kò bá ní swíìṣì tó máa ń já fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, tàbí tí wọ́n ti fi wáyà fò ó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú ọwọ́ ọmọ náà lẹ́nu rẹ̀. Ìjàmbá yìí ní ìdí tó hàn kedere, ó sì ṣeé dènà. Ẹni tó bá sọ pé Ògún ló ṣe é ti gbé ẹ̀bi kúrò lórí wáyà.

Òfin àti ìwé tiwa

Òfin ilé iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1987, kò fi àṣẹ lásán mọ. Ó ní kí a má fi ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀rọ tó lè ṣeni léṣe àyàfi tí a bá ti ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ àti bí yóò ṣe ṣọ́ra fún un. Ewu ni òfin kọ́kọ́ dárúkọ, àkọlé ògiri sì fo ewu náà dá. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń ṣiṣẹ́ ni òfin náà dojú kọ jù lọ. Ọ̀gá kan pẹ̀lú ọmọṣẹ́ mẹ́ta lẹ́bàá ọ̀nà lè má sí lábẹ́ ojú rẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ni òfin.

Àwa olùkọ́ Yorùbá pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwa. Ìdánwò ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìíní ní 1984 àti apá kejì ní 1990, fún wa ní ọ̀rọ̀ fún gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ọpẹ́ ni fún àwọn tó ṣe é. Síbẹ̀, a lè dárúkọ gbogbo ẹ̀yà gbólóhùn lónìí, a kò sì lè fi Yorùbá sọ fún ọmọ kan bí yóò ṣe dúró ti léètì láìfarapa.

Bí ìkìlọ̀ ṣe yẹ kó rí

A gbìyànjú láti kọ gbólóhùn márùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ìgbà, ó sọ iṣẹ́, ó sì sọ ìdí. “O” ni a lò nínú wọn, nítorí bí ọ̀gá ṣe ń bá ọmọṣẹ́ sọ̀rọ̀ nìyẹn.

1. Bọ́ ìbọ̀wọ́, òrùka àti oǹdè kí o tó tan ẹ̀rọ. Ohun tó ń yí yóò fà wọ́n, ọwọ́ rẹ yóò sì tẹ̀ lé wọn.

2. Yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ní kété tí o bá ti fi dè é tán. Bí o bá fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò jù ú bí òkò.

3. Fi awò bojú nígbà gbogbo tí ẹ̀rọ bá ń gé irin. Èérún irin gbóná, ó sì mú. Ojú kò ní pààrọ̀.

4. Pa ẹ̀rọ kí o tó kó èérún, ìkọ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì ni kí o sì fi kó o. Èérún gígùn a máa wé mọ́ ìka, a sì máa gé e.

5. Bí iná bá lọ, pa swíìṣì kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Iná kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

A mọ̀ pé Yorùbá nìkan kò lè dá ṣe é ní Eneka. Ọmọ Ikwerre, ọmọ Igbo àti ọmọ Yorùbá ló dúró ti ẹ̀rọ kan náà, Píjìn ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí àpérò elédè púpọ̀ bí èyí. Kí ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan jókòó ti àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n kọ gbólóhùn tiwọn, kí wọ́n má túmọ̀ tiwa. Ìmọ̀ràn wa kejì jẹ mọ́ ìdánrawò ìkọ́ni: kí ẹni tó bá lọ ṣàyẹ̀wò akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá iṣẹ́ irin má bi í léèrè òfin nìkan, kí ó bi í pé, “Kí ló dé tí òfin náà fi wà?” Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè dáhùn kò tíì lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Àgbálọgbábọ̀

Kí a tó kúrò ní Eneka, ọ̀gá náà ti fi téèpù dúdú bo àwòrán ìbọ̀wọ́ tó wà lára ògiri. A yìn ín. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jáde, ọmọṣẹ́ méjì ń já páálí irin kúrò nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán. A bi wọ́n léèrè ìbọ̀wọ́ wọn. Wọ́n ní ọ̀gá ti ní kí àwọn má wọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ̀rí wa nìyí. Àṣẹ àkọ́kọ́ kò sọ ìdí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìka lẹ́nu ẹ̀rọ. Àṣẹ kejì náà kò sọ ìdí, ó sì gbé ewu náà lọ sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni láti rí i pé ìdí kò tún sọnù láàárín ẹnu ọ̀gá àti etí ọmọṣẹ́.