Ẹ Jẹ́ Kí Ìtàn Ọmọ Òṣòdì Dún Bí Òṣòdì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ìtàn tí àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń kọ, kó ṣí màgásíìnì tí ilé-ẹ̀kọ́ kan tẹ̀ fún ayẹyẹ ìparí ọdún, kó ka ìtàn mẹ́ta níbẹ̀. Nínú àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn òbí rẹ̀, ó kó ẹgbẹ́ búburú, ó dèrò ẹ̀wọ̀n. Nínú èkejì, ọmọbìnrin kan ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ó gboyún, ó sì ń ké àbámọ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ọmọ òrukàn kan kàwé gan-an, ó di dókítà nílùú òyìnbó. Bí a bá pa orúkọ àwọn tó kọ ọ́ rẹ́, kò sí ẹni tó lè sọ pé Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti kọ wọ́n. Kò sí ọjà Aswani ọjọ́ Túsìdeè níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń pariwo pé kí èrò wọlé pẹ̀lú ṣéńjì, kò sí bàálù tó ń kọjá lórí òrùlé Máfolúkù títí tí olùkọ́ yóò fi dákẹ́ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Kí ló fà á? Kì í ṣe pé ojú wa kò rí nǹkan. Ohun tí mo rí ni pé ìdánwò la ń kọ ìtàn fún. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, 50 ni máàkì: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún kíkọ láìṣàṣìṣe. Ìbéèrè ìtàn níbẹ̀ sì sábà máa ń ní kí a kọ ìtàn tó bá òwe kan mu. Fún ìdánwò, èyí dára, nítorí ẹni tó ń máàkì gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo ọmọ. Àmọ́ òǹkàwé màgásíìnì kì í ṣe olùmáàkì. Kò sí ohun tó fi dandan lé e pé kó ka ìtàn wa dópin. Ó lè ṣí ojú ewé kejì nígbà tó bá wù ú. Ọmọ tó bá fi ìtàn ìdánwò ránṣẹ́ sí màgásíìnì dà bí ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ sóde ìgbéyàwó: aṣọ náà mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n dá a fún.

Ẹ̀bi kejì wà lọ́wọ́ àtúnṣe. Ọmọ kan lè kọ ọ́ pé ìyá òun ń ta ẹ̀wà lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì, pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ìyá náà gbé ìkòkò gbígbóná lé orí, ó sì sáré. Bí iṣẹ́ náà bá dé ọwọ́ olùṣàtúnṣe, ìyá yóò di oníṣòwò, ìkòkò gbígbóná yóò di ẹrù, sísáré yóò di pé ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ kò fẹ́ kí àwọn òbí rò pé ọmọ tálákà ló kún inú rẹ̀. Mo gbọ́ èyí yé mi: orúkọ rere ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tó gba sípẹ́lì là yàtọ̀ sí àtúnṣe tó gba ẹnu ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìtàn náà bá jáde, orúkọ ọmọ ló wà lókè, ohùn olùkọ́ ló wà nísàlẹ̀. Ọmọ náà yóò sì kẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ ọ: pé ilé wọn kò yẹ fún ìwé.

Ìtàn wa fúnra rẹ̀ ń ta ko èyí. Láti 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas ń tẹ lẹ́tà jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá, tí àìsàn ti wó mọ́lẹ̀, ló ń sọ ìgbésí ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ẹ̀kọ́ ìwà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, nítorí náà n kò sọ pé ẹ̀kọ́ ń ba ìtàn jẹ́. Ṣùgbọ́n Èkó gan-an ló wà níbẹ̀, àdúgbò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará rẹ̀, débi pé àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà ń mí lóòótọ́. Ìgbà tí èèyàn bá gba ẹni inú ìtàn gbọ́ ni yóò tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fágúnwà, tó jẹ́ olùkọ́ nígbà náà, fi ìwé àfọwọ́kọ sílẹ̀ fún ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní 1936. Ní 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Yorùbá tó fi kọ ọ́ kò dí i lọ́wọ́. Kí ló wá dé tí màgásíìnì ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ń fún Yorùbá ní ojú ewé kan ṣoṣo, lẹ́yìn àwòrán àwọn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́?

Ohun kẹta tó ń dùn mí ni ìdákẹ́jẹ́. Ọmọ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Chinua Achebe sọ irú rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì n'Ìbàdàn. Ó fi ìtàn kúkúrú kan sílẹ̀ fún ìdíje, kò gba ẹ̀bùn, wọ́n kàn mẹ́nu bà á. Olùkọ́ ní ìtàn náà kò ní ìrísí tó yẹ ìtàn kúkúrú. Achebe bẹ̀ ẹ́ kó ṣàlàyé, olùkọ́ ní ó di ìgbà mìíràn. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, olùkọ́ yìí kan náà sọ fún un pé òun ti tún ìtàn náà wò, kò sì sí ohun tó ṣe é. Achebe ní ìgboyà láti béèrè. Ní 1958 ó tẹ Things Fall Apart jáde. Ọmọ mélòó nínú kíláàsì wa ló lè tọ olùkọ́ lọ lẹ́ẹ̀mejì?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ gbólóhùn méjì péré sẹ́yìn iṣẹ́ tí ẹ kò bá gbà: ọ̀kan fún ohun tó dára, ọ̀kan fún ohun tó kù. Bí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ pe ọmọ náà kẹ́ ẹ bi í. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bá ọmọ kọ ọ́. Ẹ sọ ìtàn bí ẹ ṣe dé Èkó fún un, yóò wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ka màgásíìnì náà kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ pa òfin iye ọ̀rọ̀ mọ́, kí ẹ ka iṣẹ́ yín sókè sétí ẹnìkan, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sílé. Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ kọ ìyá tó sáré pẹ̀lú ìkòkò gbígbóná. Bí ó bá ti gbóná lórí ìwé, òǹkàwé kò ní béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ olówó ló ti wá.