Carrie Underwood: Láti Orí Ìtàgé Ìdíje dé Inú Ìtàn

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, ó pẹ́ tí àwọn tí ó mọ tinú-tẹ̀yìn orin kọ́ńtìrì, orin àwọn àgbẹ̀ àti awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ Nashville tí í ṣe olú-ìlú orin náà: kí olórin gbé gìtá kọ́ èjìká, kí ó máa ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn, kí ó jìyà títí ìyà yóò fi hàn nínú ohùn rẹ̀, kí ẹni tí ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù tó kọbi ara sí i. Abájọ tí ara fi ta àwọn kan nígbà tí Carrie Underwood, ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú oko ní Checotah ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, tí ilé ìjọsìn jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ orin rẹ̀ àkọ́kọ́, gba ojú tẹlifíṣọ̀n wọ ọjà náà ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2005, tí ó borí Bo Bice nínú ìdíje American Idol ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Èrò tèmi ni pé ìdíje náà fún un ní etí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò fún un ní iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí a ti dé e ládé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá a.

Ọgbọ́n tí a fi gbé ìdíje yìí kalẹ̀ náà ni ó bí àlébù rẹ̀. Simon Fuller ni ó dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2001, kí ó tó sọdá òkun dé Amẹ́ríkà ní 2002. Nígbà náà, adájọ́ mẹ́ta, Simon Cowell, Paula Abdul àti Randy Jackson, a máa sọ tẹnu wọn, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran tí ó jókòó sílé ni wọ́n ń fi tẹlifóònù dìbò. Orin olórin mìíràn ni olùdíje sábà máa ń kọ, wọn a sì ti gé e kúrú. Nínú àkókò tí kò tó nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ro ìtàn yóò dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan ṣe. Ẹni tí ó bá yára gbé ohùn kan òrùlé ni àtẹ́wọ́ yóò ró fún. Nígbà tí Underwood kọ Alone, orin ẹgbẹ́ Heart, Cowell sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ni yóò borí, àti pé àwo orin rẹ̀ yóò tà ju ti gbogbo àwọn tí ó borí ṣáájú rẹ̀ lọ. Àsọtẹ́lẹ̀ náà kò lọ lásán, ṣùgbọ́n etí oníṣòwò ni ó fi gbọ́ ọmọ náà.

Ní ti orin kọ́ńtìrì, ìtàn ni orí rẹ̀, ìtàn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwa tí a gbọ́ Jim Reeves lórí rédíò ní Nàìjíríà mọ èyí dájú: ọkùnrin náà kì í pariwo, bí ẹni tí ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ ni ó ń kọrin, títí ọ̀rọ̀ yóò fi wọ̀ wá ní akínyẹmí ara. Nígbà tí King Sunny Adé sì mú gìtá àwọn olórin kọ́ńtìrì, èyí tí a ń tẹ́ sílẹ̀ ta, wọ inú jùjú, tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń mú un sunkún bí ènìyàn, ohùn ìdárò ni ó bá wọlé. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Inside Your Heaven, orin tí wọ́n fi dé Underwood ládé, ó fúyẹ́ gidigidi. Lóòótọ́, ipò kìn-ín-ní ni ó ti bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ Hot 100 ti Billboard, ohun tí olórin kọ́ńtìrì kankan kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, kò sí ìlú, kò sí ọ̀sán tàbí òru: ohùn nìkan ni ó wà níbẹ̀, tí ń gòkè láìmọ ibi tí ó ń lọ.

Kí ọdún náà tó parí ni Jesus, Take the Wheel jáde, tí Brett James, Hillary Lindsey àti Gordie Sampson kọ, tí ó sì wà nínú Some Hearts, àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni ohun gbogbo ti yí padà. Abiyamọ kan ń wa ọkọ̀ lọ sí Cincinnati ní alẹ́ àìsùn Kérésìmesì, ọmọ rẹ̀ wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, àárẹ̀ ọdún tí kò san án sì wà lára rẹ̀. Yìnyín orí títì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ sítíárì fún Ẹni tí ó jù ú lọ. Ẹ kíyè sí bí Underwood ṣe ń rìn nínú ìtàn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀, kò fi ẹwà kankan kún un, bí ẹni tí ń ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ará ilé rẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ obìnrin náà kúrò lórí sítíárì nìkan ni ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ohùn gíga tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán níwájú àwọn adájọ́ wá di ohun tí ìtàn fúnra rẹ̀ bèèrè: igbe ni, igbe ìyá tí ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ wà nínú ewu. Ní 2007, orin yìí gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy fún un, wọ́n sì fún un ní ti olórin tuntun tí ó peregedé jù ní alẹ́ kan náà.

Àwọn kan fi ẹ̀sùn kàn án pé kì í ṣe òun ni ó kọ orin náà. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Oníjàálá tí ń ki erin, àjànàkú ẹlẹ́mìí ọ̀ṣọ̀ọ́rọ̀, kò dá gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀gá rẹ̀ ni ó ti jogún púpọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ bí ara wa bá bù máṣọ, òun ni a ń yìn. Underwood pàápàá sì bá wọn kọ lára àwọn orin inú Carnival Ride, àwo orin rẹ̀ tí ó jáde ní 2007. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú So Small. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun: ní oṣù Karùn-ún 2008, Garth Brooks, àgbà olórin kọ́ńtìrì, gbà á wọ Grand Ole Opry, ètò orin orí rédíò tí Nashville ti ń gbé kalẹ̀ láti 1925, tí ìbò òǹwòran kì í sì í gbé ẹnikẹ́ni wọ̀.

Àlébù tí mo rí ni pé àṣà ìdíje kò tètè fi í sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orin rẹ̀ ni ìparí ti ń gun òkè kan náà, bí ẹni pé ìbò ṣì kù tí a ó kà, tí ìtàn tí ì bá sinmi kò sì rí àyè sinmi. Ìdí nìyí tí mo fi ka alẹ́ kan ní oṣù Kọkànlá 2017 sí ju ọ̀pọ̀ àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ lọ. Ní ọdún náà, apànìyàn kan ti yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn níbi àjọ̀dún orin kọ́ńtìrì ní Las Vegas, wọ́n sì ní kí Underwood kọ orin ìjọsìn àtijọ́ Softly and Tenderly ní ìrántí àwọn olóògbé níbi ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ CMA ti ẹgbẹ́ orin kọ́ńtìrì. Bí orin ti ń lọ sópin, ẹkún gbé ohùn rẹ̀ mì, ó sì já. Adájọ́ ìdíje ì bá kà á sí àṣìṣe. Lójú tèmi, kò kọrin kọ́ńtìrì dára tó bẹ́ẹ̀ rí.