Wíwá Àṣìṣe nínú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: Àríwísí Kan

Nínú ìdánwò TOEFL kí 2005 tó dé, a máa ń fa ìlà sábẹ́ ibi mẹ́rin nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kí akẹ́kọ̀ọ́ mú èyí tí kò tọ̀nà. Bí a bá kọ ‘The king have returned to the palace’, ọmọ Yorùbá tí ó mú ‘have’ gba máàkì. Ṣùgbọ́n kò hàn bóyá ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí iye olùwà. Ẹni tí ó méfò pàápàá lè gbà á. Lóòótọ́, irú ìbéèrè yìí rọrùn láti máàkì láìṣe ojúsàájú. Síbẹ̀, rírí àṣìṣe yàtọ̀ sí kíkọ gbólóhùn tí ó gún. Ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó dé ní 2005 yọ abala náà, ó sì fi sísọ kún un. Olùkọ́ tí ó ṣì fi í ṣe òpómúléró ẹ̀kọ́ kò kọ́ ọmọ ní èdè.