Jósẹ́fù àti Nehemáyà: Ìdáàbòbò Ará Ìlú nínú Ìtàn Bíbélì Méjì àti Ọ̀ràn Ilẹ̀ ní Erékùṣù Èkó

Ìfáàrà

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti aṣáájú tí ó gba ará ìlú lọ́wọ́ ìyàn, Jósẹ́fù ni àwọn oníwàásù sábà máa ń tọ́ka sí. Ó ti mọ̀ pé ìyàn ń bọ̀. Ó kó ọkà jọ fún ọdún méje. Nígbà tí ebi dé, Íjíbítì rí oúnjẹ jẹ. Ìwàásù sábà máa ń parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé apá ìtàn Jósẹ́fù tí ó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 47 gbé ìbéèrè kan dìde, tí Nehemáyà orí 5 sì dáhùn: bí aṣáájú bá dáàbò bo ará ìlú nígbà ìpọ́njú, ọwọ́ ta ni ilẹ̀ àti ilé wọn yóò wà nígbà tí ìpọ́njú bá rékọjá? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nítorí náà ni a ó ṣe fi ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ní Èkó yẹ ìtàn méjèèjì wò.

Jósẹ́fù: oúnjẹ tí ó gba ilẹ̀

Ìpele-ìpele ni onítàn Jẹ́nẹ́sísì to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, owó ará ìlú tán. Gbogbo rẹ̀ wọ ilé Fáráò. Lẹ́yìn èyí ni ẹran ọ̀sìn wọn tẹ̀ lé owó. Ní ọdún kejì, kò ku ohun kan mọ́ bí kò ṣe ara wọn àti ilẹ̀ wọn, wọ́n sì fi méjèèjì ra oúnjẹ. Láti ìgbà náà ni ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè ti di ti Fáráò. Ẹsẹ 21 nínú ẹ̀dà Hébérù fi kún un pé Jósẹ́fù ṣí àwọn ènìyàn náà lọ sínú àwọn ìlú. Ẹ̀dà Gíríìkì àtijọ́ sọ pé ńṣe ni ó sọ wọ́n di ẹrú. Ìtumọ̀ méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn tó bí a ti lè rò. Ẹni tí a ṣí nípò kúrò lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ kò ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé láti sọ pé òun kọ̀.

Ohun méjì ni onítàn náà mẹ́nu bà láìdá ẹjọ́ lé wọn lórí. Èkínní ni pé a kò ra ilẹ̀ àwọn àlùfáà. Fáráò ni ó ń bọ́ wọn, wọn kò sì ní ìdí láti ta nǹkan kan. Ó yẹ kí èyí kọ oníwàásù lóminú, nítorí ẹni tí ìyàn kò kàn ni ó rọrùn fún jù lọ láti yin ẹni tí ó pín oúnjẹ. Èkejì ni pé ará ìlú fúnra wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Jósẹ́fù. Yorùbá ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bù ṣe. Ìtàn yìí ta ko òwe náà: ebi kúrò, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni ìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọba tí kò mọ Jósẹ́fù sì jẹ, ní Ẹ́kísódù orí 1, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ni ó fi sìnrú.

Èyí kò sọ Jósẹ́fù di òǹrorò. Bí kò bá sí i, ìyàn ì bá pa wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí ohun tí ìyàn gbà yóò fi padà sọ́wọ́ olóhun.

Nehemáyà: ìdápadà

Ebi náà ni ó bẹ̀rẹ̀ Nehemáyà orí 5. Àwọn kan ti fi oko àti ilé dógò nítorí ọkà. Àwọn kan yáwó san owó-orí ọba. Àwọn mìíràn ti fi ọmọ wọn sílẹ̀ fún ìsìn. Òǹkàwé Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀, nítorí ó mọ ohun tí ń jẹ́ ìwọ̀fà. Àwọn tí ó sì ń yá wọn lówó kì í ṣe àjèjì, arákùnrin wọn ni.

Nehemáyà kò pín ọkà kí ó sì dákẹ́. Ó pe ìpàdé, ó bá àwọn ọlọ́lá wí ní gbangba, ó sì jẹ́wọ́ pé òun àti àwọn ènìyàn òun náà wà lára àwọn tí ń yáni lówó. Ó ní kí wọ́n dá oko, ọgbà àti ilé padà ní ọjọ́ náà gan-an. Ó mú kí wọ́n búra níwájú àwọn àlùfáà. Àlùfáà tí ọ̀ràn kò kàn nínú ìtàn Jósẹ́fù wá di ẹlẹ́rìí níhìn-ín. Fún ọdún 12, kò jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí gómìnà, nítorí pé ẹrù àwọn ènìyàn wúwo. Òótọ́ ni pé Nehemáyà fúnra rẹ̀ ni ó ń ròyìn ara rẹ̀, ìyìn ara-ẹni sì ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n òdiwọ̀n tí ó gbé kalẹ̀ ṣeé yẹ̀ wò: ilẹ̀ padà àbí kò padà?

Òdiwọ̀n náà ní Èkó

Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá. Ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ Èkó, Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, béèrè owó ilẹ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ ní ilé kà á sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ ìṣàkóso àti ìṣákọ́lẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1920, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀n pẹ̀lú Herbert Macaulay. Ní ọdún 1921, Privy Council dájọ́ pé kí a san owó náà gẹ́gẹ́ bí owó ohun-ìní kíkún tí ó jẹ́ ti òun àti àwùjọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni Olóyè Olúwa, kì í ṣe inú ìwé Nehemáyà ni ó ti kọ́ ohun tí ó ṣe. Síbẹ̀, ohun kan náà ni ó dúró lé lórí: ilẹ̀ àwùjọ kò gbọdọ̀ lọ láìsí ìdáhùn. Owó ni ó gbà, kì í ṣe ilẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, kò dé ibi tí Nehemáyà dé.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì sún mọ́ Jósẹ́fù. Àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924. Ní ọdún 1928 ni ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ní ọdún 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí éékà 70, ó sì ń kó ìdílé púpọ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ìpọ́njú tí ó fa iṣẹ́ náà kì í ṣe àròsọ: ènìyàn pọ̀ jù nínú yàrá, afẹ́fẹ́ àti omi kò tó. Ilé tí a kọ́ sí Sùúrùlérè sì dára ju èyí tí a wó lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí Peter Marris, tí ó jáde ní ọdún 1961, fi hàn pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ dé lé owó ilé, ẹbí tí ó ń gbé agbo-ilé kan fọ́n ká, àwọn àgbàlagbà sì jìnnà sí ẹni tí ń tọ́jú wọn. A fún onílé ní ẹ̀tọ́ láti tún ilẹ̀ rà, ṣùgbọ́n ní iye tí ó ju èyí tí a san fún un lọ. Ẹsẹ 21 nìyí ní òde Èkó: a dáàbò bo ará ìlú, a sì ṣí wọn nípò.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ìdí láti yọ Jósẹ́fù kúrò nínú ìwàásù. Ohun tí ó yẹ ni kí a ka orí 47 dé òpin, kí a sì kà á mọ́ Nehemáyà orí 5, nítorí ọ̀kan pèsè oúnjẹ, èkejì dá ilẹ̀ padà, ará ìlú sì nílò méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń yin aṣáájú nítorí iye ènìyàn tí ó bọ́ kò tíì parí ìbéèrè. Agbo-ilé Ìsàlẹ̀ Èkó yóò bi í pé: nígbà tí ìyàn parí, ta ni ó ni ilé?