Lápìté àti Lágata: Ìfìwàwẹ̀dá Òṣìkà nínú Ṣaworoidẹ

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò Yorùbá, kò ṣòro láti dá òṣìkà mọ̀. Ojú rẹ̀ a le koko, orin tó ń bá a wọlé a sì ti tú àṣírí rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Òǹwòran a kórìíra rẹ̀, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀. Ìfìwàwẹ̀dá Lápìté nínú Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí, kò fún wa ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn.

Ní ìlú Jogbo, ọba tuntun gbọ́dọ̀ mulẹ̀, kí a sì sín in ní gbẹ́rẹ́. Ìmùlẹ̀ náà ni ó so orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ adé idẹ àti ìlù ṣaworoidẹ. Lápìté kọ̀ jálẹ̀. Ìbọn ni ó fi gba adé. Ẹnìkan lè sọ pé kò ka ìṣẹ̀ṣe kún ni. Lójú tiwa, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ẹni tí kò gbà pé ìmùlẹ̀ lágbára ìbá mulẹ̀ wẹ́rẹ́, ìbá sì máa kówó ìlú jẹ lọ. (Irú wọn kò wọ́n láàárín àwọn tó ń gbé ìwé mímọ́ sókè búra ní ilẹ̀ wa.) Lápìté mọ ohun tí òun fẹ́ fi oyè ṣe, ó sì gbà pé ìmùlẹ̀ yóò mú òun. Kò fẹ́ búra èké. Òtítọ́ kékeré yìí, láàárín ìwà ibi rẹ̀, ni kò jẹ́ kí ara rọ òǹwòran.

Kọ́lá Oyèwọ̀ tún fi ohùn àgbà àti ìjìnlẹ̀ èdè gbé e jáde. Yorùbá tí àwa olùkọ́ ń yìn fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ọba yìí fi ń bo olè mọ́lẹ̀.

Lágata, ọmọ ogun tí Lápìté ké sí nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dìde nítorí ọ̀ràn agégẹdú, rorò jù ú lọ, síbẹ̀ kò rú wa lójú. Agbára nìkan ni ó mọ̀. Ó pa Lápìté, ó dé adé láìmọ ohun tó wà nínú ìlù, ìlù sì dún.

Ibẹ̀ ni a ti rí àléébù eré náà. Aláìmọ̀kan ni ṣaworoidẹ pa. Ẹni tó mọ̀, tó sì fi gbogbo ìgbà ìjọba rẹ̀ sá fún ìmùlẹ̀, ọwọ́ ológun ni ó kú sí. A kò rí i kí òun àti ìlù náà kojú ara wọn.